Bí àdéhùn Ààrẹ kò bá ní agbára òfin láìsí Ilé Aṣòfin, báwo ni Bakassi ṣe lọ?

Olùkọ́Òṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Gọ́fúmẹ́ǹtì ni iṣẹ́ tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama kan l'Óṣogbo. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá la dé orí abala 12 nínú ìwé òfin ọdún 1999. Mo kọ ọ́ sójú pátákó pé àdéhùn tí Nàìjíríà bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kò ní agbára òfin, àfi ìwọ̀n tí Ilé-ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ di òfin nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, nawọ́. Ó ní, "Sà, ṣé Ilé Aṣòfin sọ àdéhùn Bakassi di òfin ni?" Ilẹ̀ etí òkun ní Cross River tó ti bọ́ sọ́wọ́ Kamẹrúùnù ló ń sọ. Mo ní rárá. Ó ní, "Ta ló wá gbé e lọ?"

Mo ní kó jókòó, pé a ó dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ ọ̀hún ti dé, mi ò sì fẹ́ fi irọ́ dá ọmọ lóhùn. Ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 2006 ni Ààrẹ Ọbásanjọ́ àti Ààrẹ Paul Biya ti Kamẹrúùnù tọwọ́ bọ̀wé ní Greentree, ní ìpínlẹ̀ New York, tí Kofi Annan ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì jókòó tì wọ́n. Ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, ọdún 2008 ni a fa ilẹ̀ náà lé Kamẹrúùnù lọ́wọ́ pátápátá. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yìí, mi ò rí ọjọ́ kan tí Ilé Aṣòfin dìbò pé kó máa lọ. Kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí?

ÀkàndéỌjàỌba

Olùkọ́, ẹ sọ òótọ́ fún un: wọ́n rú òfin ni. Ẹ ṣí ìwé òfin yẹn sẹ́yìn, níbi tí wọ́n to orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sí. Ẹ wo abẹ́ Cross River. Bakassi ṣì wà níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yọ ọ́, abala 9 ti la ọ̀nà sílẹ̀: ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé méjèèjì l'Ábújá, kí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 sì tún fọwọ́ sí i. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí Ààrẹ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí New York pẹ̀lú kálàmù.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, Ilé Aṣòfin Àgbà fúnra wọn jókòó, wọ́n ní ohun tí Ọbásanjọ́ ṣe kò bá òfin mu nítorí pé kò gbé e wá síwájú wọn. Yar'Adua ti wà lórí àlééfà nígbà náà. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣì fa ilẹ̀ kalẹ̀.

Ààrẹ kì í ṣe Kábíyèsí. Kábíyèsí gan-an ní ìgbìmọ̀. Ta ni Aláàfin tó máa dá ta ilẹ̀ Ọ̀yọ́ láìjẹ́ pé Ọ̀yọ́ Mèsì gbọ́ sí i?

AmòfinBùnmi

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ọ̀rọ̀ yín dùn mí dé egungun, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Olùkọ́ kọ́ ọmọ ní ìdajì. Àdéhùn lójú méjì. Ojú kan kọ sí ilé, ojú kejì kọ sí ìta. Ti ilé nìkan ni abala 12 ń sọ.

Ẹ rántí ẹjọ́ Gàní Fáwẹ̀hìnmí, ọmọ Oǹdó. Ìjọba Abacha gbé e ní oṣù Kìíní ọdún 1996, wọ́n tì í mọ́lé. Ó di àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Áfíríkà mú. Nígbà tí ẹjọ́ dé Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, ìdájọ́ ọdún 2000 sọ pé ó lè di í mú, nítorí pé Nàìjíríà ti sọ àdéhùn yẹn di òfin ilẹ̀ wa. Wọ́n sì sọ ọ́ nínú ìdájọ́ kan náà pé èyí tí a kò bá tíì sọ di òfin, kò sí adájọ́ Nàìjíríà tó lè fi í dá ẹjọ́. Ààbò ni èyí jẹ́ fún wa nínú ilé.

Ìta ńkọ́? Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Gowon àti Ahidjo ti Kamẹrúùnù buwọ́lù ìwé kan ní Maroua ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 1975, lórí ààlà orí omi. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon. Nígbà tí Kamẹrúùnù gbé wa lọ sí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague, Nàìjíríà sọ ohun tí Ẹ̀gbọ́n Àkàndé ń sọ yìí gan-an: ìwé Maroua kò dè wá, Ìgbìmọ̀ Gíga Àwọn Ológun tó yẹ kó fọwọ́ sí i kò fọwọ́ sí i rí. Àwọn adájọ́ ní rárá. Wọ́n ní olórí orílẹ̀-èdè ló ń ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀; bó bá ti buwọ́lù, orílẹ̀-èdè náà ló buwọ́lù. Bí òfin abẹ́lé bá dí i lọ́wọ́, àfi kí ìdíwọ́ náà hàn sí gbogbo ayé gedegbe. Wọ́n tún ní kò sí ohun tó kan Kamẹrúùnù láti máa ka ìwé òfin Nàìjíríà kó lè mọ ibi tí agbára olórí wa mọ.

Ìdájọ́ ọjọ́ 10, oṣù Kẹwàá, ọdún 2002 nìyẹn.

ÀkàndéỌjàỌba

Àbúrò mi amòfin, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi ni Maroua. Bakassi jẹ́ ilẹ̀ tí àwọn èèyàn ń gbé. Ta ló buwọ́lù ìyẹn?

AmòfinBùnmi

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wa máa bi ara wa nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, tó ń ṣàkóso Kamẹrúùnù nígbà náà, ló buwọ́lù ú, ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 1913. Ní 1884, àwọn ọba àti ìjòyè Kàlàbá ti bá Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn pé kó máa dáàbò bò wọ́n. Nàìjíríà sọ ní Hague pé ẹni tí a ní kó bá wa ṣọ́ ilé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ilé tọrẹ. Àwọn adájọ́ 13 kò gbà, àwọn 3 ló gbà. Ọ̀kan nínú àwọn 3 ni Ọmọba Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu l'Ábẹ́òkúta, tí Nàìjíríà yàn sórí ẹjọ́ náà.

Nítorí náà, Olùkọ́, Greentree kọ́ ló gbé Bakassi lọ. Ìdájọ́ 2002 ti gbé e lọ. Greentree kàn ṣètò bí a ó ṣe kó ẹrù jáde ni: ọjọ́ 60 fún àwọn ọmọ ogun wa, àti ọdún mélòó kan ti ìyípadà fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Ìwé mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mẹ́nu bà. Ní 1965, Nàìjíríà fi ìkéde ránṣẹ́ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé orílẹ̀-èdè yòówù tó bá ṣe irú ìkéde kan náà lè pè wá lẹ́jọ́ ní Hague. Ó wà nínú fáìlì bẹ́ẹ̀ fún ọdún 29. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta, ọdún 1994, Kamẹrúùnù náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn kan náà, wọ́n pè wá lẹ́jọ́. Ọjọ́ 26 péré! Ìbuwọ́lù kì í kú. Ọmọ tí wọn kò tíì bí lọ́dún 1965 ni ìwé yẹn lé kúrò nílé baba rẹ̀.

ÌyáÌbejìÌkàrẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Amòfin sọ kẹ́yìn yìí gbé mi dìde.

Cross River ni mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ lọ́dún 2008. Nígbà tí ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, súnmọ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí omi dé. Nínú ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni, yàrá méjì di ibùsùn. Wọ́n to àga sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n tẹ́ ẹní sáàárín, àwọ̀n ìpẹja tó ṣì tutù wà lórí fèrèsé, gbogbo ilé sì ń rùn fún edé àti ẹja yíyan. Ìyá kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń ra edé lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó tú igun ìró rẹ̀, ó yọ ọ̀rá dúdú kékeré kan jáde. Káàdì ìdìbò rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ti ìbò 2007, tí wọ́n kọ Bakassi sí lára. Ó fi èdè Píjìn bi mí pé àwọn tí òun dìbò fún yìí, ṣé ẹnì kan nínú wọn bi òun léèrè?

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ra edé, mo san owó, mo lọ. Ó ti lé lọ́dún 15, mo ṣì ń rí ọ̀rá dúdú yẹn lójú mi. Olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ náà, ẹ sọ fún wọn pé àwọn èèyàn wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ààlà yẹn.

MọgàjíÌdíArẹ̀rẹ̀

Ọlọ́run á tu ìyá yẹn nínú níbikíbi tó bá wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí gbé e kalẹ̀, torí ó jọ ọ́. Lọ́dọ̀ wa n'Íbàdàn, ẹni tí kì í ṣe olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí, kò tà á rárá. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìpe àwọn olórí ojúlé, títà náà dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Àwọn ojúlé lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n bì í wó, bí wọn kò bá ti fi falẹ̀. Olùrà mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ń wádìí kó tó kówó sílẹ̀. Nígbà tí a ta díẹ̀ nínú ilẹ̀ wa, ojúlé márùn-ún ni wá. Bàbá kan nínú ojúlé kẹrin ń gbé ní Kánò. Olùrà fúnra rẹ̀ ló wọkọ̀ lọ gba àtàǹpàkò bàbá náà wá, ó ní òun kò lè kọ́lé sórí ẹjọ́.

Ohun tí Amòfin ń sọ nípa Hague, òdìkejì rẹ̀ pátápátá ni. Níbẹ̀, olùrà kò ní kó wádìí. Ó rí olórí ẹbí, ó ti tó. A jẹ́ pé àwa tá a wà nínú ẹbí la ní láti di olórí wa lọ́wọ́ mú kó tó jáde nílé, torí bó bá ti jáde, ó parí.

AmòfinBùnmi

Bàbá Mọgàjí, ẹ ti sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Màá mú àpẹẹrẹ yẹn lọ síwájú àwọn amòfin ẹlẹgbẹ́ mi.

ỌmọAlákétu

Ẹ kú ìjíròrò. Láti Kétu ni mo ti ń kọ̀wé, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìwé òfin tiwa ti ọdún 1990 ní abala 145. Àdéhùn àlàáfíà, èyí tó bá fọwọ́ kan owó ìlú, èyí tó bá yí òfin abẹ́lé padà, àti èyí tó bá ní kí a fi ilẹ̀ sílẹ̀, kí a pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí a fi ilẹ̀ kún ilẹ̀: Ààrẹ kò lè fi òǹtẹ̀ lu ìkankan nínú wọn àfi kí Ilé Aṣòfin ní Àjàṣẹ́ kọ́kọ́ ṣe òfin lé e lórí. Wọ́n tún fi gbólóhùn kan kún un: fífi ilẹ̀ sílẹ̀ kò tọ̀nà bí àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ náà kò bá gbà.

Ọ̀dọ̀ Faransé la ti mú un, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo máa ń ka gbólóhùn yẹn bíi pé àwa ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín wa. Kétu bọ́ sápá ibí, Ìmẹ̀kọ bọ́ sápá ọ̀hún. Ìyá ìyá mi jẹ́ ọmọ Ìmẹ̀kọ. Kò sẹ́ni tó bi Alákétu. Bí irú abala bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ìwé òfin yín, tó sì hàn sí gbogbo ayé, ṣé Hague á lè sọ pé Kamẹrúùnù kò mọ̀?

AmòfinBùnmi

Ibẹ̀ gan-an ni, ará Kétu. Ohun tí ìwé òfin wa kò ní nìyẹn. Abala 12 ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbuwọ́lù. Kò sọ ẹni tí Ààrẹ gbọ́dọ̀ bi kó tó buwọ́lù. Ẹ fi wé ogun: abala 5 sọ ọ́ ní kedere pé Ààrẹ kò lè kéde ogun láìjẹ́ pé Ilé méjèèjì jókòó pọ̀ kí wọ́n sì fàṣẹ sí i. Ti ogun ní ìdè, ti àdéhùn kò ní.

TúndéHouston

Ọ̀dọ̀ wa níbí ní Amẹ́ríkà, ìwé òfin ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí àdéhùn. Síbẹ̀ àwọn Ààrẹ ti wá ọ̀nà mìíràn, wọ́n ń pè é ní àdéhùn aláṣẹ, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀. Roosevelt fi ọkọ̀ ojú omi ogun 50 fún Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1940, ó gba ibùdó ológun. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan dá so, ẹnì kan lè dá tú u. Obama bá Iran ṣàdéhùn lórí átọ́míìkì ní 2015, kò gba ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀; Trump jáde nínú rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2018. Bí Ààrẹ fúnra rẹ̀ bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun pẹ́, kó mú àwọn aṣòfin dání.

ṢadéÀkúrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Bùnmi, àdéhùn Samoa tí gbogbo ènìyàn ń pariwo lé lórí ní 2024 ńkọ́? Wọ́n ní a ti tà wá. Ní ìjọ wa, odindi ọjọ́ Ìsinmi kan ni pásítọ̀ fi sọ ọ́.

AmòfinBùnmi

Àbúrò mi, Nàìjíríà buwọ́lù ú ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, ọdún 2024. Àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti ti Áfíríkà, Karíbíà àti Pàsífíìkì ni. Ariwo bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje. Ilé Aṣojú-ṣòfin ní kí ìjọba dá ìmúṣẹ rẹ̀ dúró ná kí wọ́n fi wádìí. Ohun tí wọ́n ń sọ kiri pé ó wà nínú rẹ̀ nípa ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin, mo ka ìwé náà, mi ò rí i níbẹ̀. Òfin wa ti ọdún 2014 tó ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ṣì dúró digbí.

Ṣùgbọ́n mi ò dá àwọn tó pariwo lẹ́bi. Ìgbà wo ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ? Lẹ́yìn ìbuwọ́lù. Bí wọ́n bá gbé e síwájú Ilé ṣáájú, tí wọ́n kà á sókè, tí àwọn oníròyìn gbé e jáde, kí ni pásítọ̀ yín ì bá rí bẹ̀rù?

Òfin kan wà lórí ṣíṣe àdéhùn, àwọn ológun ló ṣe é lọ́dún 1993. Ó pín àdéhùn sí mẹ́ta. Èyí tó ń ṣe òfin, kí a sọ ọ́ di òfin. Èyí tó ń di ẹrù owó, ti òṣèlú tàbí ti àwùjọ lé wa lórí, kí a fi òǹtẹ̀ lù ú. Èyí tó jẹ́ ti àṣà àti ẹ̀kọ́, kò nílò òǹtẹ̀. Nínú ìṣe, ìpàdé Ààrẹ àti àwọn mínísítà ló ń lu òǹtẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ti ọjà kan ṣoṣo ti Áfíríkà: Buhari buwọ́lù ú ní Niamey ní oṣù Keje 2019, àwọn mínísítà fòǹtẹ̀ lù ú ní oṣù Kọkànlá 2020. Òfin yẹn kan náà ló ní kí Ilé-iṣẹ́ Ìdájọ́ l'Ábújá jẹ́ ibi ìkópamọ́ gbogbo àdéhùn, kí wọ́n sì ní ìwé tí wọ́n ń kọ wọ́n sí.

BàbáMọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti lé ní ẹni 80 ọdún. Ọmọ ilé-ìwé ni mí n'Íbàdàn lọ́dún 1960, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Ìjọba Balewa fẹ́ bá Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn ààbò ológun. Awólọ́wọ̀ àti Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, takò ó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn lọ sí Èkó, wọ́n ya wọ Ilé Aṣòfin. Ẹnu títí là ń sọ ọ́ sí: "Wọ́n ti dé Èkó! Wọ́n ti wọlé!" Ilé fọwọ́ sí àdéhùn náà, ṣùgbọ́n ariwo kò dá. Ní oṣù Kìíní ọdún 1962, wọ́n fagi lé e.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni èyí: Balewa gbé e wá síwájú Ilé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ yẹn fi mọ ilé tí wọn yóò ya wọ̀. Èyí tí wọ́n bá buwọ́lù lójú òkun, ilẹ̀kùn wo lẹ fẹ́ kàn?

Olùkọ́Òṣogbo

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọ́ wọn lánàá. Mo ya ilé kan sójú pátákó, mo kọ abala 12 sínú rẹ̀, mo kọ 1913, 1965, Maroua àti Greentree sí ìta. Mo sọ ìtàn àtàǹpàkò Kánò, mo sọ ti ìyá elédé. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Àkàndé, ẹ má bínú, mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ yín àti ti Amòfin jọ jẹ́ òótọ́: nínú ìwé òfin wa Bakassi wà, nínú ayé kò sí mọ́ lọ́wọ́ wa, àárín méjèèjì ni ìyá yẹn jókòó sí pẹ̀lú káàdì rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà tún nawọ́. Ó ní, "Sà, èwo ni wọ́n ń buwọ́lù báyìí?"

Nítorí náà a kọ lẹ́tà sí Ilé-iṣẹ́ Ìdájọ́, pé kí wọ́n fi orúkọ àwọn àdéhùn tó wà nínú ìwé wọn láti 2023 ránṣẹ́ sí wa. Òun ló kọ ọ́, èmi kàn tún àmì ohùn àti àmì ìdánudúró ṣe. Ọmọ 41 ló buwọ́lù ú. Mo ń gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́la.

ÀkàndéỌjàỌba

Olùkọ́, ẹ fi orúkọ tèmi kún un.